Kí Ni Ara Ń Ṣe Nígbà Tí Kòkòrò Àrùn Bá Wọlé?

Ẹ fojú inú wo ẹsẹ̀ kan. Ìṣó ló gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n sì ti fà á yọ. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bakitéríà tó wà lára ìṣó àti lára awọ ẹsẹ̀ ti bá a wọlé.

Tí bakitéríà bá rí ibi tó móoru, tó lọ́rinrin, tí oúnjẹ sì wà, àwọn kan nínú wọn máa ń pín sí méjì ní ogún ìṣẹ́jú ogún ìṣẹ́jú. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹyọ kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Nígbà tí wákàtí méje bá fi pé, ẹyọ kan ṣoṣo yẹn á ti lé ní mílíọ̀nù méjì. Bẹ́ẹ̀ rèé, apá tó ń dá kòkòrò kọ̀ọ̀kan mọ̀ nínú ètò ààbò ara máa ń lò tó ọjọ́ mẹ́rin sí ọ̀sẹ̀ kan kó tó gbéra dáadáa. Wákàtí lọ́wọ́ kòkòrò, ọjọ́ gbọọrọ lọ́wọ́ ara. Tí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ àìsàn yé yín, àlàfo àkókò yìí ni kí ẹ tẹjú mọ́.

Ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Kì í ṣe gbogbo àìsàn ni kòkòrò ń fà. Foníkú-fọ̀ladìde, àjogúnbá ni láti ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ràn, àtọ̀gbẹ kì í ràn. Àwọn tí kòkòrò ń fà là ń sọ lónìí.

Bakitéríà ló ń fa ikọ́ ife, onígbáméjì àti tẹ́tánọ́ọ̀sì. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni, ó ń jẹun fúnra rẹ̀, ó sì ń pọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kéré jù ú lọ gan-an: ti influenza fẹ̀ tó ìdá kan nínú 10,000 mìlímítà kan. Kò lè dá pọ̀ sí i. Àfi kó wọ inú sẹ́ẹ̀lì wa, kó sì fipá mú sẹ́ẹ̀lì náà máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ jáde. Ìdí nìyí tí penicillin, oògùn apakòkòrò kan, kò fi lè wo ọ̀fìnkìn tí fáírọ́ọ̀sì ń fà. Ògiri tó yí bakitéríà ká ni penicillin ń bà jẹ́, fáírọ́ọ̀sì ò sì ní irú ògiri bẹ́ẹ̀. Fọ́ńgọ́ọ̀sì wà pẹ̀lú, òun ló ń fa làpálàpá; Plasmodium wà, tí ẹ̀fọn ń gbé ibà rẹ̀ kiri; aràn náà wà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe wá léṣe ò dọ́gba. Plasmodium máa ń bẹ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó bá sá sí. Bakitéríà onígbáméjì kì í jẹ ìfun rárá. Májèlé tó ń tú jáde ló ń mú kí ìfun máa da omi ara sílẹ̀, omi tó ń lọ yẹn ló sì ń pani. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà sí: púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní àìsàn, ara gbígbóná, wíwú, ọyún, ara ríro, iṣẹ́ ọwọ́ ara fúnra rẹ̀ ni.

Kí kòkòrò tó wọlé, ó ní láti kọjá lára odi. Awọ ara ni àkọ́kọ́: sẹ́ẹ̀lì tó ti kú ló wà lókè rẹ̀, ó gbẹ, ó sì kan díẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ kòkòrò ò fẹ́. Ásíìdì inú ikùn máa ń pa púpọ̀ nínú ohun tí a bá gbé mì. Omijé ní èròjà kan tó ń jẹ lysozyme, tó máa ń já ògiri bakitéríà. Alexander Fleming ló ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1922. Nínú ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ máa ń mú kòkòrò, àwọn irun wẹ́wẹ́ sì máa ń ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà lọ sókè kí a lè wú u jáde tàbí kí a gbé e mì. Èéfín sìgá máa ń sọ irun yìí di aláìlágbára, ìdí kan nìyẹn tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró fi máa ń rọ́wọ́ mú àwọn tó ń mu ún.

Ní ti ẹsẹ̀ wa yìí, ìṣó ti fo gbogbo odi yẹn kọjá. Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀?

Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé inú ẹran ara níbẹ̀ á ti fura. Macrophage ni orúkọ ọ̀kan nínú wọn, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé kòkòrò mì. Kò mọ irú bakitéríà tó wọlé gan-an. Ohun tó mọ̀ ni àwọn àmì tí ọ̀pọ̀ bakitéríà jọ ní, tí ara wa ò ní. Ìyẹn ló jẹ́ kó lè yára. Bó ṣe ń gbé wọn mì, bẹ́ẹ̀ ló ń tú èròjà ìpè jáde. Mast cell tó wà nítòsí á da histamine sílẹ̀. Òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké á fẹ̀, ara wọn á sì là, omi ẹ̀jẹ̀ á jò sínú ẹran ara.

Àmì márùn-ún tí dókítà ń wò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá: pípọ́n, gbígbóná, wíwú, ríro, àti kí ibẹ̀ má lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ kíyè sí i pé lára awọ dúdú, pípọ́n yẹn lè má hàn. Awọ á kàn túbọ̀ dúdú sí i ni, tàbí kó máa dán. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibẹ̀, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ kejì wé e. Ooru àti wíwú ò ní ṣì yín lọ́nà.

Láàárín wákàtí díẹ̀, neutrophil á ti dé. Òun ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó pọ̀ jù, nǹkan bí ìdajì sí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Á fún ara rẹ̀ gba àárín òpó ẹ̀jẹ̀ jáde, á máa tọ òórùn kẹ́míkà lọ títí tó fi máa bá kòkòrò. Á gbé e mì, á fi èròjà olóró pa á, lẹ́yìn náà òun náà á kú. Òkú neutrophil, òkú bakitéríà àti omi ara ni ọyún tí ẹ ń rí.

Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí irú iṣẹ́ yìí kedere jẹ́ ọdún 1882, ní Messina nílẹ̀ Ítálì. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ilya Metchnikoff, gún ọmọ ẹja ìràwọ̀, ẹ̀dá inú òkun tí ara rẹ̀ mọ́ gaara, ní ẹ̀gún òdòdó. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, sẹ́ẹ̀lì ti kóra jọ yí ẹ̀gún náà ká. Òun àti Paul Ehrlich jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1908.

Lórí ọyún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ fún un. Bí ẹ bá fún un, ẹ lè ti kòkòrò wọ inú lọ. Eéwo tó bá wà láti imú sí ètè léwu jù, nítorí òpó ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ so pọ̀ mọ́ inú agbárí. Bí ọyún bá ti kóra jọ sójú kan, tó le, oògùn apakòkòrò kì í sábà wọ àárín rẹ̀ dáadáa. Oníṣẹ́ ìlera ní láti là á kó lè dà jáde.

Èròjà ìpè yẹn kan náà tún máa ń dé ọpọlọ, ọpọlọ á sì gbé ìwọ̀n ooru tó fẹ́ kí ara wà sókè. Ká ní 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ara wà, tí ọpọlọ wá fẹ́ 39, òtútù á máa mú ẹni náà, á máa gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ ń gbóná. Iṣan tó ń gbọ̀n yẹn ló ń pèsè ooru. Nígbà tí ọpọlọ bá dá ìwọ̀n náà padà, òógùn á bò ó. Ooru yìí máa ń dín ìpọ̀síi àwọn kòkòrò kan kù, ó sì ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ààbò yára. Paracetamol máa ń mú ara tu ẹni náà, kì í pa kòkòrò. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, tí ara rẹ̀ bá ti gbóná dé 38, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ohun tí à ń dúró wò.

Nígbà míì, ìdáhùn yìí máa ń kọjá ààlà. Dípò kó mọ síbi ọgbẹ́, á gba gbogbo ara. Òpó ẹ̀jẹ̀ á fẹ̀ káàkiri, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, kíndìnrín á bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀. Sepsis ni wọ́n ń pè é. Tí ọkàn ẹni tó ní àrùn bá dà rú, tó ń mí lemọ́lemọ́, tí kò tọ̀ mọ́, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn pàjáwìrì. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ló ṣe pàtàkì.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń yára, bíi macrophage àti neutrophil, ti ra àkókò. Kí ni ara ń fi àkókò náà ṣe?

Sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń jẹ́ dendritic cell. Á gé díẹ̀ lára kòkòrò, á gbé e gba inú òpó omi ara lọ sí àwọn kókó tó wà níbi tí itan ti pàdé ikùn. Ẹ ti lè kíyè sí i rí pé ọgbẹ́ ẹsẹ̀ máa ń mú kókó wú níbẹ̀, tí ọgbẹ́ ọwọ́ ń mú un wú lábẹ́ abíyá. Iṣẹ́ ló ń lọ nínú kókó náà. T cell àti B cell, oríṣi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun méjì, ló kún ibẹ̀. Inú mùdùnmúdùn egungun ni àwọn méjèèjì ti wá, àmọ́ T cell á lọ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nínú thymus, lẹ́yìn egungun àyà. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ìrísí tirẹ̀ tó lè dì mọ́ ohun kan pàtó, nítorí náà àwọn tó bá kòkòrò ọ̀hún mu ò pọ̀ rárá. Wíwá wọn rí, kí wọ́n sì pín títí wọ́n fi máa pọ̀ tó, ohun tó ń gba ọjọ́ nìyẹn.

T cell kan á máa pa sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀. Òmíràn á máa fún àwọn yòókù láṣẹ. B cell á máa tú èròjà agbógunti-àrùn sínú ẹ̀jẹ̀: IgM ló kọ́kọ́ ń jáde, IgG á tẹ̀ lé e. IgG lè gba ibi ọmọ kọjá sára ọmọ inú oyún, òun ló ń dáàbò bo ìkókó ní oṣù àkọ́kọ́. Nígbà tí ogun bá parí, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn á kú, díẹ̀ á ṣẹ́ kù tó máa rántí. Tí kòkòrò kan náà bá tún yọjú, ara ò ní lo ọ̀sẹ̀ kan mọ́.

Àjẹsára ò ju kí a fún ara ní ìrántí yẹn kí kòkòrò tó dé. Edward Jenner dán an wò pẹ̀lú ṣànpọ̀nná màlúù lọ́dún 1796. Wọ́n kéde lọ́dún 1980 pé ṣànpọ̀nná ti kúrò láyé. Tẹ́tánọ́ọ̀sì wá yàtọ̀. Májèlé rẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀nba tó lè pani ò tó kọ́ ara lẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ṣe é tó yè ṣì gbọ́dọ̀ gba àjẹsára. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní kí ọmọ gbà á láti ìkókó títí di ọ̀dọ́.

Dígbòlugi ló fi agbára àkókò hàn jù. Láti ibi tí ajá gé jẹ, fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ ń gba ojú iṣan ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ díẹ̀díẹ̀, ó sì sábà máa ń tó oṣù kan sí mẹ́ta. Nítorí náà, àjẹsára tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ajá ti gé èèyàn jẹ ṣì lè ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fún un ni ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ọjọ́ méje lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 14 sí 28. Ẹ má fo ọ̀kankan. Tí àmì àìsàn bá ti fara hàn, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ètò ààbò yìí náà lè bà jẹ́. HIV ń wọ inú CD4, T cell tó ń pàṣẹ. 500 sí 1,500 ló yẹ kó wà nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, tó bá ti lọ sílẹ̀ ju 200, ó ti di éèdì. Àrùn measles máa ń pa sẹ́ẹ̀lì ìrántí, ọmọ tó ṣe é lè pàdánù ààbò tó ti ní sí àìsàn míì. Nínú oríṣi kìíní àtọ̀gbẹ, T cell ló ń ba sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe insulin, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, jẹ́.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ohun tí kò léwu ni ara á gbógun tì, bíi oúnjẹ kan, oró oyin tàbí oògùn. Histamine tó mọ sójú ọgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan á tú káàkiri ara láàárín ìṣẹ́jú. Ara á lé, ètè àti ahọ́n á wú, èémí á máa dún fín-ín-fín, òòyì á máa kọ́ni. Adrenaline ni oògùn rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìta itan ni wọ́n ń gún un sí. Ti àgbàlagbà jẹ́ 0.5 mílígíráàmù, wọ́n sì lè tún un fún un lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò bá rọ̀. Oògùn ara yíyún ò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ dá a dùbúlẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Tí èémí bá ń ni ín lára, ẹ jẹ́ kó jókòó, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó dìde dúró lójijì. Bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ ti balẹ̀, ilé ìwòsàn ní láti máa ṣọ́ ọ fún wákàtí mélòó kan, torí ó lè tún padà.