Alùpùpù Yín Ò Tíì Jáde: Ìwé Aṣọ́bodè Fún Ẹni Tó Ń Gun Alùpùpù Kọjá Bodè

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ fojú inú wo ẹnì kan lórí alùpùpù ní ẹnubodè. Wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà rẹ̀, ẹ̀rọ ti ń dún, wọ́n gbé irin tó dábùú ọ̀nà sókè, wọ́n ní kó máa lọ. Ó kọjá tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kan wà nínú àpò rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án: ìwé tó fi mú alùpùpù wọ ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀. Òun ti lọ. Lójú àwọn aṣọ́bodè, alùpùpù rẹ̀ ṣì wà nílùú.

Ìwé yẹn gan-an la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo ka ọ̀rọ̀ yìí sí pàtàkì gidigidi, torí owó ńlá ló lè bá a rìn, ó sì máa ń pẹ́ kéèyàn tó mọ̀ pé òun ti jẹ gbèsè.

Ní ọ̀pọ̀ ibodè, èèyàn àti ọkọ̀ kì í gba ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ kan náà kọjá. Àwọn tó ń bójú tó ìwọlé-wọ̀de èèyàn ló ń yẹ ẹ̀yin wò. Ní ti aṣọ́bodè, ẹrù tó ti ilẹ̀ òkèèrè wọlé ni alùpùpù yín, owó ibodè sì wà lórí ẹrù. Kí ló dé tí wọn ò gba owó náà? Torí ẹ ti ṣèlérí pé ẹ ó gbé e jáde padà. Fọ́ọ̀mù yòówù kí wọ́n kọ níbẹ̀, ìlérí yẹn ni wọ́n ń kọ sílẹ̀.

Níbi púpọ̀, ìwé àṣẹ ìgbà díẹ̀ ni wọ́n máa kọ fún yín lẹ́nubodè. Orúkọ yín á wà níbẹ̀, nọ́ńbà ọkọ̀ á wà níbẹ̀, ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ ti jáde á wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mẹ́síkò máa ń gba owó ìdógò mọ́ ọn. Bí ẹ bá dá ìwé náà padà kí ọjọ́ tó pé, wọ́n á dá owó yín padà. Ní European Union, ìyẹn àjọ ìṣọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ẹni tí kì í gbé ibẹ̀ lè fi ọkọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ níta rìn fún oṣù 6, lọ́pọ̀ ìgbà láìkọ fọ́ọ̀mù kankan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo ni àwọn ilẹ̀ tó ń béèrè ìwé carnet. Carnet de Passages en Douane ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Íńdíà, Pakísítánì àti Íjíbítì wà lára àwọn tó ń béèrè rẹ̀. Ẹgbẹ́ awakọ̀ tó ń bá FIA, àjọ àgbáyé àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀, ṣiṣẹ́ ló ń fún ni, ọdún 1 ló sì máa ń lò. Ìdúró ni carnet, bí ìgbà tí ẹnì kan bá dúró fún yín níbi tí ẹ ti yá owó. Bí alùpùpù ò bá jáde, ẹgbẹ́ náà ni aṣọ́bodè máa lọ bá pé kó wá san owó ibodè, ẹgbẹ́ náà á wá yíjú sí yín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba owó ìdógò tàbí ìwé ìdúró báńkì kí wọ́n tó fún yín níwèé. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní New York lọ́dún 1954 wà lára òfin tó gbé ètò yìí ró.

Ẹ jẹ́ ká ṣí ojú ewé kan nínú rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Apá ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ya nígbà tí ẹ bá ń wọlé. Apá àárín ni wọ́n máa ya nígbà tí ẹ bá ń jáde. Apá òkè kì í kúrò nínú ìwé, òun ló sì ń gba òǹtẹ̀ méjèèjì, ti ìwọlé àti ti ìjáde. Apá òkè yẹn ni ẹ̀rí yín. Níbi tí carnet ò bá ti wọ́pọ̀, òṣìṣẹ́ lè ṣèèṣì ya apá méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kó lu òǹtẹ̀ síbi tí kò yẹ. Nítorí náà, ẹ má kúrò nídìí káńtà. Ẹ fi sùúrù nawọ́ sí ibi tó yẹ, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ wò ó bó ṣe ń lu òǹtẹ̀ náà, kí ẹ sì ka ọjọ́ tó wà lára rẹ̀.

Nǹkan kejì tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí ni nọ́ńbà ṣásì, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára egungun alùpùpù. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù, ọrùn fírémù ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọwọ́ alùpùpù ti ń yí. Ẹrẹ̀ àti gíríìsì máa ń bò ó. Ẹ fi àkísà nù ún, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí ẹ sì fi ìka tọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí òṣìṣẹ́ kọ. Èyí tó bá ìlànà ayé òde òní mu jẹ́ 17, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú rẹ̀, torí wọ́n jọ 1 àti 0 jù. Bí ẹ bá wá rí lẹ́tà O nínú irú nọ́ńbà yìí lórí ìwé yín, òṣìṣẹ́ tó kọ ọ́ ti ṣe àṣìṣe nìyẹn. Ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ ní kó tún un kọ. Bí ẹ bá dé ibodè kejì kí ẹ tó rí i, alùpùpù tí wọ́n kọ sínú ìwé àti èyí tí ẹ gùn kì í ṣe ọ̀kan náà mọ́ lójú òfin.

Ní ti fọ́tókọ́pì, ẹ ṣe púpọ̀ dání. Ṣùgbọ́n aṣọ́bodè lè béèrè ẹ̀dà ojú ewé tí òǹtẹ̀ ìwọlé yín wà, ìyẹn ò sì ṣeé ṣe sílẹ̀ látilé. Bí alùpùpù ò bá jẹ́ tiyín, ẹ gba ìwé àṣẹ tí agbẹjọ́rò fòǹtẹ̀ lù lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Àwọn tó máa sáré wá bá yín pé àwọn á bá yín ṣe ìwé ńkọ́? Àwọn kan mọṣẹ́ wọn lóòótọ́. Síbẹ̀, ẹ má fi ojúlówó ìwé yín lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n gbé e lọ; ẹ bá wọn rìn.

Bí wọ́n bá jí alùpùpù yín, tàbí ó jóná, ìlérí yẹn ṣì wà lọ́rùn yín. Ẹ gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí ẹ sì sọ fún aṣọ́bodè lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ẹ lè fi í sílẹ̀ fún ìjọba, tàbí kí wọ́n bà á jẹ́ níṣojú àwọn aṣọ́bodè, tàbí kí ẹ san owó ibodè rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ibẹ̀ bá ṣe gbà. Títà á fún ẹlòmíì láìsanwó ibodè ni kò bófin mu.

Ẹni tó ti jáde láìgba òǹtẹ̀ ńkọ́? Bí ibodè bá ṣì wà nítòsí, ẹ padà. Bó bá ti jìnnà, tó sì jẹ́ carnet lẹ lò, ojú ewé kan wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ẹ̀rí pé wọ́n rí ọkọ̀ náà níbòmíì. Ẹ gbé alùpùpù lọ sọ́dọ̀ aṣọ́bodè, ọlọ́pàá tàbí ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè, kí wọ́n fojú rí nọ́ńbà ṣásì rẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí gbogbo apá òkè inú ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rí i pé òǹtẹ̀ méjì wà lórí èyí tí ẹ lò, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ tó fún yín láti gba owó ìdógò yín.