Ẹ Yé Fi SCardConnect Wá Káàdì

Ẹ kú ìjókòó o. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ gbé délé lónìí, ì báà ṣe Tankẹ tàbí Gaa-Akanbi ní Ìlọrin yìí lẹ ń lọ: ẹ yé fi SCardConnect, àṣẹ tí ètò kọ̀ǹpútà fi ń so ara rẹ̀ mọ́ káàdì oní-chip (smart card) tó wà nínú rídà, ẹ̀rọ tó ń ka káàdì, wá káàdì. Àwọn kan ń kọ́ yín pé kí ẹ máa pè é léraléra, pé bó bá wọlé, káàdì wà. Bí kò bá wọlé, kò sí. Irọ́ ni. Bí ètò mìíràn bá ti gba káàdì náà fún ara rẹ̀ nìkan, kóòdù àṣìṣe 0x8010000B lẹ máa gbà, bẹ́ẹ̀ káàdì ń bẹ nínú rídà lójú yín kòrókòró.

SCardGetStatusChange ni kí ẹ pè. Kò gba káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi SCardEstablishContext ṣí ìsopọ̀ pẹ̀lú ètò káàdì inú kọ̀ǹpútà, ẹ fi SCardListReaders gba orúkọ rídà, kí ẹ fi òdo sí dwCurrentState (ipò tí ètò yín mọ̀). Èsì á dé lójú ẹsẹ̀ nínú dwEventState (ipò tó wà gan-an): 0x10, rídà ṣófo, 0x20, káàdì wà, 0x200, káàdì wà ṣùgbọ́n kò fọhùn, nítorí pé ó bàjẹ́ tàbí pé wọ́n fi sí i lódì. Ẹ má fi == wò ó, & ni kí ẹ lò, nítorí bíìtì kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. 0x122 kì í ṣe ipò tuntun kankan: 0x100 (ètò mìíràn ń lò ó), 0x20 (káàdì wà) àti 0x2 (nǹkan ti yí padà) ló para pọ̀.

Ibi tó ń pa ètò yín nìyí. Ẹ da dwEventState sínú dwCurrentState lódindi kí ẹ tó tún SCardGetStatusChange pè. Bí ẹ bá fi òdo sílẹ̀, kò ní dúró rárá, á máa yí gbirigbiri títí kọ̀ǹpútà á fi gbóná. Ẹ má gé bíìtì 16 òkè dànù: ibẹ̀ ló ti ń ka iye ìgbà tí káàdì wọlé àti iye ìgbà tó jáde. Ẹ wo akọ̀wé kan ní ọ̀nà Táíwò tó yọ káàdì oníbàárà kan, tó sì ki ti ẹlòmíràn bọ̀ ọ́ kí ètò tó yíjú. 0x20 ṣáájú, 0x20 lẹ́yìn. Ẹni tí kò wo òǹkà yẹn á kọ ọ̀rọ̀ ẹnì kejì sórúkọ ẹni àkọ́kọ́.

*Ìbéèrè láti àárín èrò: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, káàdì wà, ATR rẹ̀ (èsì àkọ́kọ́ tí káàdì ń fọ̀ nígbà tí iná bá dé ara rẹ̀) jáde, ṣùgbọ́n PIN kò gbà. Ta la máa bi?”*

Ìbéèrè yìí tó kí n gbé ìyókù tì. Rídà ò mọ nǹkan kan nípa PIN. Káàdì fúnra rẹ̀ lẹ máa bi. Lórí káàdì PIV (irú káàdì ìdánimọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń lò), ibí ni SCardConnect ti wúlò: ẹ fi so pọ̀ pẹ̀lú SCARD_SHARE_SHARED, kí ètò mìíràn lè jọ lò ó, ẹ yan ètò PIV tó wà nínú káàdì, kí ẹ wá fi àṣẹ 00 20 00 80 ránṣẹ́ láìsí PIN kankan lẹ́yìn rẹ̀. Bí èsì bá jẹ́ 63 C3: ìgbìyànjú mẹ́ta ló kù. 69 83: PIN ti tì. 90 00: ó ti mọ̀ yín. Káàdì mìíràn lè ní nọ́ńbà mìíràn, ìwé tirẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi PIN tí ẹ kàn rò dán an wò: ìgbìyànjú oníkáàdì lẹ ń jẹ.

Àsìkò ti lọ. Bí àṣìṣe 0x80100068 bá dé: ètò mìíràn ló tún káàdì bẹ̀rẹ̀; ẹ pe SCardReconnect, kí ẹ tún ètò PIV yàn, kí ẹ sì tún PIN béèrè. 0x80100069: wọ́n ti yọ ọ́, ẹ padà síbi ìdúró, ìyẹn SCardGetStatusChange. Bí oníṣẹ́ bá fẹ́ ti ètò pa nígbà tó ṣì ń dúró, SCardCancel ló ń jí i.