Ọjọ́ 42 Lẹ́nu Ọ̀nà Cook County: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ìbọlá fún Dókítà David Ansell

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìlera àwùjọ, ẹ kú àpéjọ.

Tí wọ́n bá ní kí èèyàn kọ ìtàn ilé ìwòsàn ìjọba, ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà, ẹni tó wá ṣí i, àti orúkọ àwọn ọ̀gá tó ti jẹ níbẹ̀. Cook County Hospital ní Chicago ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ó sì dùn ún gbọ́. Ilé ràgàjì tó wà ní òpópónà Harrison ti wà níbẹ̀ láti 1914. Ibẹ̀ ni Dókítà Bernard Fantus ti ṣètò ìfẹ̀jẹ̀pamọ́ ní 1937, òun náà ló sì pè é ní báńkì ẹ̀jẹ̀, orúkọ tí gbogbo wa ń lò dòní. Ní 1966, wọ́n ya ẹ̀ka kan sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn tí ìbọn, ọ̀bẹ tàbí ọkọ̀ bá ṣe léṣe, nígbà tí irú rẹ̀ kò tíì wọ́pọ̀ níbì kankan.

Ibòmíràn ni David Ansell gbé ojú sí. Ó dé Cook County Hospital, tí wọ́n ń pè ní County, ní 1978 láti wá kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn tó gboyè dókítà, ọdún 17 ló sì lò níbẹ̀. Nígbà tó kọ ìtàn ilé ìwòsàn náà sínú ìwé rẹ̀, County, tó jáde ní 2011, ìbéèrè tó ń bi ni pé: ta ló dé ẹnu ọ̀nà, ta ló rán an wá, kí ló sì dé tí kò lè gba ìtọ́jú níbi tó ti ń bọ̀? Mo rò pé ìbéèrè yẹn ló yẹ kí gbogbo ìtàn ilé ìwòsàn ìjọba máa dáhùn. Ilé ìwòsàn ìjọba kì í dá kún bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ló ń kún un.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lásìkò náà. Aláìsàn á dé ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn aládàáni tó wà nítòsí rẹ̀. Wọ́n á béèrè káàdì adójútòfò ìlera. Bí kò bá ní, tàbí tí èyí tó ní kò tó nǹkan, áńbúláǹsì lè gbé e, ó di County. Orúkọ tí wọ́n ń pe àṣà yìí ní Amẹ́ríkà kò ní àpọ́nlé rárá: dída aláìsàn nù, bí ìgbà tí èèyàn da ìdọ̀tí sórí àkìtàn. Kò sí dókítà County tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà, àríwísí lásán ni.

Ní ìparí 1983, Ansell, Robert Schiff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kà á. Steven Whitman, onímọ̀ ìṣirò àrùn, wà lára wọn. Ọjọ́ 42 ni wọ́n fi ṣe é. Gbogbo aláìsàn tí wọ́n gbé wá láti ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn mìíràn, tí County sì dá dúró, yálà fún ìtọ́jú olóògùn tàbí fún iṣẹ́ abẹ, ló wọ inú ìwé wọn. Bí aláìsàn ṣe ń dé ni wọ́n ń kọ ọ́, wọn ò dúró di ìgbà tó bá pẹ́ kí wọ́n tó lọ tú fáìlì. Ọgbọ́n ńlá ló wà níbẹ̀. Fáìlì àtijọ́ á sọ irú àìsàn àti oògùn tí wọ́n lò fún ọ, àmọ́ kò dájú pé á sọ ìdí tí wọ́n fi gbé aláìsàn kúrò níbi tó wà, tàbí bóyá wọ́n tilẹ̀ sọ fún un.

Àwọn 467 ni wọ́n kà, bíi 11 lójúmọ́. Ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ aláwọ̀ dúdú tàbí ẹni tó tan mọ́ Látìn Amẹ́ríkà. Ìdá 81 kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ìdá 87 ló jẹ́ pé àìní adójútòfò tó múná dóko ló gbé wọn wá. Àwọn tó fọwọ́ síwèé pé àwọn gbà kí wọ́n gbé àwọn lọ kò ju ìdá 6 lọ. Ìdá 13 ni wọn kò sọ fún rárá kí wọ́n tó gbé e. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: nǹkan bí ọgọ́ta èèyàn, lórí àìsàn, tí ọkọ̀ ń gbé lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ fún wọn.

Ara ìdá 24 kò tíì rọlẹ̀ níbi tí wọ́n ti gbé wọn kúrò. Ìdá 22 ló nílò yàrá ìtọ́jú àkànṣe, ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ mímí àti lílù ọkàn ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, ọ̀pọ̀ wọn láàárín wákàtí 24 tí wọ́n dé.

Ti ikú ni kí ẹ fara balẹ̀ kà. Nínú àwọn tó wà fún ìtọ́jú olóògùn, ìdá 9.4 nínú àwọn tí wọ́n gbé wá ló kú, nígbà tó jẹ́ ìdá 3.8 láàárín àwọn aláìsàn County tí wọn kò gbé wá láti ilé ìwòsàn mìíràn. Ní ti iṣẹ́ abẹ, ìdá 1.5 nínú àwọn tí wọ́n gbé wá ló kú, ìdá 2.4 nínú àwọn yòókù, ìyàtọ̀ yẹn kò sì tó ohun téèyàn ń gbé ẹjọ́ lé. Iye kejì yìí kò gbè wọ́n, síbẹ̀ wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Alátakò ṣì lè ní àìsàn àwọn tí wọ́n gbé wá ló le jù látilẹ̀wá, kì í ṣe ìgbékiri ló pa wọ́n. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àìsàn wọn bá le jù lóòótọ́, kí ni wọ́n ń gbé wọn kiri fún?

Ìwé ìròyìn New England Journal of Medicine gbé iṣẹ́ náà jáde ní oṣù Kejì, 1986. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, Ààrẹ Reagan fọwọ́ sí òfin ìtọ́jú pàjáwìrì tí wọ́n ń pè ní EMTALA. Ẹ má jẹ́ ká pọ́n ọn kọjá bó ṣe yẹ: àbá òfin náà ti wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin kí iye wọ̀nyí tó jáde. Àmọ́ lẹ́yìn tí wọ́n jáde, ó ti ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé ọ̀rọ̀ aláìsàn méjì mẹ́ta ni.

Òfin náà de ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ka pàjáwìrì tó sì ń gba owó Medicare, ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ tó wà fún àwọn àgbàlagbà ní pàtàkì, ìyẹn ni pé àwọn ilé ìwòsàn tí òfin náà kò dè kéré níye. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé béèrè ìtọ́jú, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá pàjáwìrì ni; ọ̀rọ̀ owó kò gbọ́dọ̀ dá àyẹ̀wò yẹn dúró. Bó bá jẹ́ pàjáwìrì, tàbí tó jẹ́ obìnrin tó ń rọbí, wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ títí ara á fi rọlẹ̀. Bí wọ́n bá máa gbé e lọ kí ara tó rọlẹ̀, yálà kí aláìsàn fúnra rẹ̀ kọ̀wé béèrè, tàbí kí dókítà buwọ́ lù ú pé àǹfààní ìgbélọ náà ju ewu rẹ̀ lọ. Ibi tí wọ́n ń gbé e lọ gbọ́dọ̀ ti gbà, kí ó ní àyè àti òṣìṣẹ́. Fáìlì á bá a lọ, ọkọ̀ àti ẹni tó mọṣẹ́ á sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá, ẹ ó rí i pé ó bá ohun tí wọ́n kà lọ́jọ́ 42 yẹn mu.

Níbo ló ti já? Òfin náà kò fi owó kankan tì í lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni bíìlì ṣì máa dé bá aláìsàn nílé. Pàjáwìrì nìkan ló sì mọ̀. Ìtọ̀ ṣúgà tó ń jẹ ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kò kàn án títí ẹsẹ̀ á fi rà. Kókó inú ọyàn kò kàn án. Bóyá ìdí nìyẹn tí Ansell fi padà sórí jẹjẹrẹ ọyàn lẹ́yìn tó kúrò ní County. Òun àti Whitman àti àwọn mìíràn fi hàn pé ní Chicago, àwọn obìnrin dúdú àti funfun ń kú nípa rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà ní nǹkan bí 1980, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 2003, ti àwọn dúdú ti fi ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti funfun lọ. Ìtọ́jú tó dára ti dé láàárín ìgbà náà, kò kàn dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn ni.

Ilé 1914 yẹn kò gba aláìsàn mọ́. Wọ́n kó lọ sí ilé tuntun, Stroger Hospital, ní 2002, ilé àtijọ́ sì di òtẹ́ẹ̀lì ní 2020. Òfin yẹn ṣì wà, kò sì béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní èèyàn ní Chicago, Houston tàbí Maryland, ẹ bá wọn sọ ọ́: bí wọ́n bá gbé ìwé ìgbélọ síwájú wọn ní ẹ̀ka pàjáwìrì, kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí wọ́n béèrè ìdí tí wọ́n fi ń gbé wọn lọ, ilé ìwòsàn wo ló gbà, àti dókítà wo ló buwọ́ lù ú.