Orí Tó Ń Gbóná, àti Orúkọ Tí Dókítà Fún Un

Ẹ wo ọmọ yìí. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ti ka ojú ìwé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀. Orí rẹ̀ ń gbóná. Ó ní ó ń ṣe òun bíi pé èèrà ń rìn kiri nínú agbárí òun.

Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aro l'Ábẹ́òkúta, kọ̀wé nípa irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. (Mo mọ̀ pé bí a bá dárúkọ Aro, àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín.) Orúkọ tó wà lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ló lò: brain fag. Ó ti rẹ ọpọlọ. Ní 1994, DSM, ìwé tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń to àìsàn, kà á mọ́ àwọn àìsàn tó jẹ́ ti àṣà ibì kan. Tiwa nìyẹn. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 2013, kò ní àyè tirẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi brain fag pe àárẹ̀ àwọn tó ń fi ọpọlọ ṣiṣẹ́ láti ọ̀rúndún 19!

Orúkọ tó ń wọlé, tó tún ń jáde báyìí, ṣé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni?

Bí ibà bá ṣe yín, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì rí kòkòrò rẹ̀ lábẹ́ awò. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò ní irú àyẹ̀wò yẹn. Àmì mẹ́sàn-án ni DSM kà sílẹ̀. Dókítà gbọ́dọ̀ rí márùn-ún, fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, kí ìbànújẹ́ tàbí àìgbádùn ohunkóhun sì wà lára wọn. Kí ló dé tó fi jẹ́ márùn-ún, tí kì í ṣe mẹ́rin? Àwọn dókítà ló jókòó, tí wọ́n fẹnu kò sí i.

Wọ́n nídìí tí wọ́n fi ṣe é. Ṣáájú 1980, nígbà tí DSM kò tíì máa ka àmì báyìí, àwọn olùwádìí fi fídíò àwọn aláìsàn kan náà han àwọn dókítà Amẹ́ríkà àti ti Bìrìtéènì. Ẹni tí àwọn ará Amẹ́ríkà pè ní schizophrenia (àìsàn ọpọlọ tó lè mú kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí), àwọn ará Bìrìtéènì lè pè é ní nǹkan mìíràn. Kí aláìsàn kan wọkọ̀ òfúrufú, kí àìsàn rẹ̀ yí padà! Kíka àmì ló dín rúdurùdu yẹn kù. Ṣùgbọ́n ìfẹnukò yàtọ̀ sí òkodoro. Gbogbo wa lè fẹnu kò pé ẹyẹ ni àdán. Àdán kò ní tìtorí ìyẹn yé ẹyin.

Síbẹ̀, n kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ní ọ̀rúndún 19, ilé àwọn alárùn ọpọlọ ní Yúróòpù kún fún àwọn tó ń sọ pé ọba làwọn, tí ẹsẹ̀ wọn á rọ, tí wọ́n á sì kú. Àwọn dókítà tó ń ṣọ́ wọn ya àìsàn yìí sọ́tọ̀, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, láìmọ ohun tó ń fà á. Ní 1913 ni àwọn olùwádìí méjì, Hideyo Noguchi àti J. W. Moore, rí kòkòrò sífílíìsì nínú ọpọlọ àwọn tó kú. Lẹ́yìn náà, pẹnisílíìnì dé. Orúkọ ló ṣáájú, ìdí tẹ̀ lé e.

Ọ̀pọ̀ orúkọ tó wà nínú DSM lónìí ṣì ń dúró de ìdí tirẹ̀. Àwọn kan lè má rí i láéláé.

Ọmọ wa ńkọ́? Orí rẹ̀ ń gbóná ní tòótọ́, ohun yòówù tí ìwé ìbáà pè é. Dókítà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, á bi í bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń jẹun, ẹni tó ń sanwó iléèwé rẹ̀. Ìgbà náà ló tó sọ orúkọ. Bí oṣù díẹ̀ bá sì kọjá tí ìtọ́jú náà kò ràn án, ọmọ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti padà lọ bi dókítà pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi pè é bẹ́ẹ̀?"