Bí a ṣe ń wá fáírọ́ọ̀sì RSV nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí òtútù àyà gbà lọ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Yàrá àyẹ̀wò wa ní Àkúrẹ́ la wà yìí. Ègé ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé kan ló wà lórí síláìdì yìí. RSV, fáírọ́ọ̀sì tó máa ń mú ọ̀nà èémí ọmọdé, la fẹ́ wá nínú rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ló yọ̀ǹda ká yẹ̀ ẹ́ wò, torí náà ẹ jẹ́ ká rọra ṣe é.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí wọ́n ti fi òwú nu imú ọmọ náà, kí la tún ń wá? Fáírọ́ọ̀sì lè wà nímú ọmọ tí ara rẹ̀ le koko. Àmọ́ tí a bá bá púrótéènì rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró gan-an, a mọ̀ pé ó ti wọlé jókòó síbẹ̀.

A ti rẹ ègé yìí sínú fọ́málìn, a ti fi paraffin dì í, mo sì ti gé e ní máíkírọ́ọ̀nù 4. Ẹ fi xylene yọ paraffin, kí ẹ wá fi ọtí ẹtánọ́ọ̀lù ṣàn án títí dé omi.

Ibi tó le rèé. Fọ́málìn ti ta púrótéènì ní kókó, áńtíbọ́dì, ìyẹn èròjà tó máa ń dì mọ́ púrótéènì fáírọ́ọ̀sì, ò ní ríbi dì í mú. Omi citrate, pH 6, la fi ń tú u: 95°C, ìṣẹ́jú 20. Tí iná bá lọ láàárín, omi á tutù, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Gáàsì ni èmi ń lò, mo sì ń ki tẹmómítà bọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀.

Hydrogen peroxide 3%, ìṣẹ́jú 10. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Ẹ̀jẹ̀ máa ń kún irú ẹ̀dọ̀fóró báyìí, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa fúnra rẹ̀ sì lè sọ DAB, èròjà tí a fi ń fi ibi tí áńtíbọ́dì wà hàn, di búráùn; peroxide yìí ló ń dá a dúró. Mo fò ó nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, gbogbo síláìdì di búráùn, ó kù díẹ̀ kí n kọ ọ́ pé fáírọ́ọ̀sì ni. Síláìdì tí a ò fi áńtíbọ́dì sí ló yọ mí: òun náà di búráùn.

Áńtíbọ́dì RSV, wákàtí kan. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Áńtíbọ́dì kejì, tó ń dì mọ́ ti àkọ́kọ́, tó sì gbé ẹ́ńsáìmù tó ń sọ DAB di búráùn, ìṣẹ́jú 30. DAB, ìṣẹ́jú 5. Hematoxylin díẹ̀, ìyẹn aró búlúù.

Ẹ sún mọ́ maikirosíkóòpù. Ọ̀nà èémí kékeré nìyí. Ẹ wo sẹ́ẹ̀lì etí rẹ̀: nọ́kílọ́ọ̀sì, ìyẹn àárín sẹ́ẹ̀lì, jẹ́ búlúù, búráùn sì tò yí i ká wínníwínní bí èlùbọ́. Bí RSV ṣe ń rí nìyẹn. Ká ní adenovirus ni, inú nọ́kílọ́ọ̀sì gan-an la ò bá ti rí i.

Síláìdì tí kò ní áńtíbọ́dì: búlúù lásán. Èyí tí a mọ̀ pé RSV wà nínú rẹ̀: búráùn. Ó yá, ẹ bá mi mú bírò.