WC Tó Ń Mì: Ẹ Kọ́kọ́ Wo Flange Kí Ẹ Tó Ra Ìda

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi tó ń gbé l'Amẹ́ríkà. Omi ń sun lábẹ́ WC yín, ó sì ń mì tí ẹ bá jókòó sí i, àbí? Ẹ ti ti omi pa, ẹ ti fa ìyókù inú rẹ̀ gbẹ, ẹ ti tú nọ́ọ̀tì méjèèjì, ẹ sì ti gbé e kúrò. Ó dáa. Ẹ yára ki àkísà bọ ẹnu páìpù yẹn kí òórùn má baà gba ilé kan.

Ẹ ha ìda àtijọ́ kúrò, òrùka rírọ̀ tó ń dí àárín WC àti páìpù kí omi má baà jò. Gbogbo rẹ̀ o! Ohun róbótó tó kù nílẹ̀ yẹn ni flange. Òun ló so WC mọ́ páìpù, òun náà ló di bóòtì méjèèjì mú. Tó bá ti sán níbi tí bóòtì ń gbà, ẹ má fọ́ ilẹ̀. Ẹ ra repair ring, òrùka irin tí kì í dípẹtà, ẹ gbé e lé e, ẹ fi sìkúrúù dè é títí kan pákó ìsàlẹ̀.

Ó kù, ibi tí gbogbo yín ti ń ṣì í ṣe rèé. Orí táìlì ni flange ń jókòó sí, kì í ṣe abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ́ táìlì tuntun lé ti àtijọ́, flange rẹ̀ á rì. Kí lẹ wá ń ṣe? Ẹ ń to ìda méjì léra! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé ṣe é. Wọ́n ń ta òrùka tí wọ́n fi ń gbé flange ga, ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì wà, ààbọ̀ ínṣì wà. Ẹ fi sílíkóònù sáàárín wọn.

Nílé, símẹ́ńtì funfun ni púlọ́mbà máa ń fi yí ìdí WC ká. Kì í mì lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tú u, òòlù ló kàn. Mo fẹ́ràn flange jù ú lọ.

Ó yá, kí ìda tó débẹ̀, ẹ gbé WC lé e LÁSÁN. Mo ní LÁSÁN! Láìsí ìda! Ẹ jókòó sí i, ẹ yídìí. Tó bá ń mì, ẹ ki ike pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀ títí á fi dúró jẹ́ẹ́. Ìdí ni pé tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀bà, ṣé ojú ibẹ̀ máa ń wú padà? Bí ìda ṣe rí nìyẹn. WC tó ń mì ń tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún, ó ń tẹ̀ ẹ́ sí òsì, kì í dìde mọ́, ibẹ̀ lomi ń gbà jáde.

Ẹ yọ àkísà! Ẹ gbé ìda tuntun síbẹ̀, ẹ sọ WC kalẹ̀ tààrà, ẹ fi ìdí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá gbé e sókè padà pẹ́nrẹ́n, ìda yẹn ti bàjẹ́, ẹ lọ ra òmíràn. Ẹ fún nọ́ọ̀tì ọ̀tún díẹ̀, ẹ fún tòsì díẹ̀. Ẹ má fi agbára ṣe é, tánganran ni, yóò là.

Ẹ fi sílíkóònù yí ìdí rẹ̀ ká, kí ẹ fi ẹ̀yìn sílẹ̀. Tí omi bá tún fẹ́ jò, ibẹ̀ ni ẹ ó ti tètè rí i kí pákó abẹ́ rẹ̀ tó rà.