Ooru Tó Ń Gba Ìjókòó Alùpùpù Jáde: Ẹ Wá Orísun Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Náwó

Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo dìídì yan ọ̀sán láti gbé kámẹ́rà jáde, torí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ọ̀sán ni. Aago méjì ti kọjá díẹ̀. Oṣù kẹta la wà, ìgbà ooru tí àwọn Hausa ń pè ní bazara. Mararaba nìyí, àwọn ọkọ̀ tó dojú kọ Nyanya kò sì sún rárá. Ẹ wo ọ̀gbẹ́ni tó wà lórí máṣíìnì lọ́hùn-ún yẹn. Ó ti dìde dúró lórí ìtẹ̀sẹ̀, kò fẹ́ jókòó. Kì í ṣe iwájú ló ń wò o. Ìdí ló ń jó o.

Èmi náà ti dúró bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́dún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún, tí lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 kọjá ₦500, mo bẹ mẹkáníìkì kan pé kó bá mi yí kabúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, kí epo má máa lọ púpọ̀. Ó ṣe é, epo sì dínkù lóòótọ́. Àmọ́ kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí iwájú ìjókòó mi di ààrò. Mo ní kí wọ́n fi fómù kún ìjókòó, wọ́n fi kún un. Mo pààrọ̀ awọ rẹ̀. Owó lọ, ooru kò lọ. Bàbá àgbàlagbà kan ní Kubwa ló wá tú púlọ́ọ̀gì mi, tó gbé e sí ojú mi, orí rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ó ní, “Ọmọ mi, ebi epo ń pa ẹ́ńjìnnì yìí.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń gùn ún jẹun: ẹ má náwó sórí ìjókòó kí ẹ tó mọ ibi tí ooru náà ti ń wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Nínú agbára epo tí ẹ rà, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń yí táyà. Èyí tó kù di ooru. Òmíràn bá èéfín jáde ní sàléńsà, òmíràn gba ara irin jáde. Púpọ̀ nínú máṣíìnì tí à ń gùn lápá ibí, Bajaj Boxer, TVS àti irú wọn, kò ní omi tó ń tù wọ́n bíi ti mọ́tò. Afẹ́fẹ́ nìkan ni wọ́n gbójú lé. Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ wo àwọn abala irin pẹlẹbẹ tó yí sìlíńdà ká, tó tò bí ojú ewé ìwé. Wọ́n na irin náà síta báyìí kí afẹ́fẹ́ lè rí ibi púpọ̀ gbá. Tí ẹ bá ń sáré, atẹ́gùn ń gba àárín wọn kọjá, ó ń gbé ooru lọ. Tí ẹ bá dúró nínú họ́ọ́dọ́ọ̀pù bí èyí, kò sí atẹ́gùn kankan, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ń fò sókè. Kí ló wà lókè rẹ̀? Táǹkì epo, àti imú ìjókòó yín.

Ọ̀nà kejì tún wà tí ooru ń gbà dé ọ̀dọ̀ yín, ó sì yẹ ká yé e dáadáa torí òun ni ojútùú wa máa kojú. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ bá dúró ti ìdí ààrò mẹ́súyà lálẹ́. Èéfín ń lọ sókè, iná kò kàn yín, síbẹ̀ ojú yín gbóná. Tí ẹnì kan bá gbé àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ dí iwájú yín, ojú yín á tutù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná náà kò kú. Ooru tó ń tàn jáde lára ohun gbígbóná nìyẹn, bí ìmọ́lẹ̀ ló ṣe ń rìn. Orí sìlíńdà lè gbóná ju 150°C lọ, ìsàlẹ̀ ìjókòó sì ń wò ó lójú korokoro.

Ó yá, ìdánwò àkọ́kọ́. Ẹ gbé máṣíìnì sí òòrùn fún ìṣẹ́jú 30, ẹ má tan án. Ẹ fọwọ́ kan ìjókòó. Tó bá jó yín lọ́wọ́, òòrùn ló ń ṣe yín níyẹn, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Awọ dúdú ń mu òòrùn bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Mo ti rí ẹni tó tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ nítorí èyí, ó dùn mí gan-an. Ìbòrí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí kí ẹ máa gbé e sábẹ́ igi, ó parí.

Ìdánwò kejì: láàárọ̀ kùtù, kí òòrùn tó le, ẹ gùn ún fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ dúró, ẹ yọ ìjókòó, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ wá ibi tó gbóná jù lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má kan irin. Tó bá jẹ́ iwájú tó kan táǹkì ló gbóná, ọ̀dọ̀ sìlíńdà ló ti ń wá. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ẹ wo bátìrì àti rẹ́gúlétọ̀ tó ń díwọ̀n iná tó ń wọ bátìrì. Bátìrì tí iná ń wọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ máa ń gbóná, rewáyà ló sì máa bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹni tó jókòó sẹ́yìn ló ń jó, sàléńsà ni. Ẹ wo irin ìdáàbòbò tó yẹ kó bò ó bóyá ó ti já sọnù.

Ká wá sọ pé sìlíńdà ni. Kí ẹ tó dí i, ẹ bi í léèrè ohun tó ń ṣe é. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì. Tí orí rẹ̀ bá ní àwọ̀ bíi ti bisikíìtì, ó dára. Tó bá funfun bíi tèmi, epo kò tó inú afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, iná inú rẹ̀ sì ń gbóná jù. Bóyá wọ́n fi jẹ́ẹ̀tì kékeré, ihò tí epo ń gbà kọjá, sí kabúrétọ̀, bóyá rọ́bà tó so kabúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì ti ya tó ń fa afẹ́fẹ́ àfikún. Epo tí ẹ rò pé ẹ ń dá sí, àtúnṣe ló máa gbà á padà lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ fún mẹkáníìkì kó wo àlàfo fáàfù náà, torí èyí tó bá fún jù kì í lè gbé ooru rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ́ìlì ń kọ́? Ẹ máa wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. 20W-50 tó ní àmì JASO MA, àmì ọ́ìlì alùpùpù, ni kí ẹ wá. Ti mọ́tò lè jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀, kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀ sì ń dá ooru tirẹ̀.

Ìdọ̀tí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí a ò kà á sí. Tí ọyẹ́ bá ti parí, eruku rẹ̀ ṣì wà láàárín àwọn abala irin yẹn, ó ti pò mọ́ ọ́ìlì, ó gan pa bí àmọ̀. Aṣọ òtútù lẹ wọ̀ fún ẹ́ńjìnnì nínú bazara nìyẹn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì, kerosíìnì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ nígbà tó bá ti tutù pátápátá. Àwọn kan sì tún wà tó ń so rọ́bà tàbí àpò mọ́ irin iwájú nígbà ọyẹ́ kí atẹ́gùn má bàa gbá wọn lẹ́sẹ̀. Ó dáa nígbà náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú u kúrò báyìí. Atẹ́gùn tí ẹ dí mọ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ dí i mọ́ sìlíńdà náà.

Tí gbogbo èyí bá wà bó ṣe yẹ, tí ooru ṣì ń yọ yín lẹ́nu, ìgbà yẹn la tó ń ṣe àwo tiwa, bíi ti ìdí mẹ́súyà. Ẹ wá àjẹkù páànù alumíníọ̀mù lọ́dọ̀ àwọn tó ń kan òrùlé. Ẹni tó wà lábújá máa rí i ní Dei-Dei, ẹni tó wà ní Kàdúná ní Panteka. Ẹ gé e bí ìsàlẹ̀ iwájú ìjókòó ṣe rí. Ẹ ká etí rẹ̀ kó má bàa gé wáyà. Ojú tó ń dán ni kó kọ sí ẹ́ńjìnnì, torí ojú dídán ló ń dá ooru padà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe nìyí: wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ páànù mọ́ ìsàlẹ̀ ìjókòó pátápátá. Lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, páànù gbóná, ó sì gbé gbogbo ooru náà fún ìjókòó lọ́wọ́ sí ọwọ́. Ẹ fi wáṣà rọ́bà gbé e kúrò lára ìjókòó, bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Afẹ́fẹ́ tó dúró sójú kan nínú àlàfo yẹn kì í gbé ooru dáadáa, òun gan-an ló ń ṣiṣẹ́ náà. Páànù àti àlàfo jọ ń rìn ni.

Ẹ má dí ẹnu ibi tí fíìtà ti ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí páànù kan orí bátìrì, torí iná lè ṣẹ́yọ níbẹ̀, epo sì wà nítòsí. Ẹ má ki fómù, nàílọ́ọ̀nù tàbí àpò sẹ́gbẹ̀ẹ́ sìlíńdà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé asbẹ́ẹ̀sítọ́ọ̀sì wá, ẹ kọ̀ ọ́, eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má sì da omi tútù sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná bí mo ṣe ń rí i lójú pópó, irin lè sán.

Fún òkè ìjókòó, ìbòrí oníhò bíi ti àwọ̀n dára. Awọ àgbò tí irun rẹ̀ kò kúrò náà dára, irú èyí tí wọ́n ń tà lẹ́yìn Iléyá, torí irun ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ wà láàárín yín àti fómù. Ẹ kàn máa ká a tí òjò bá ṣú.

Ẹ wò ó, mo ti fi páànù sábẹ́ ìjókòó tèmi, mo sì ti dì í padà. Màá gùn ún dé Keffi kí n tó padà, màá tún yọ ìjókòó níwájú yín, ká wò ó bóyá wáṣà kankan yọ́, bóyá páànù sún mọ́ wáyà tàbí ọ̀pá epo. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé e sí i, kí ẹ tó gbé èrò.